Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Lẹ́tà Ìjẹ́rìí fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbalé Lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, kò ní pẹ́ tí aládùúgbò kan yóò fi kanlẹ̀kùn yín, tí yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ ní kí n mú lẹ́tà wá lọ́dọ̀ ẹni méjì tó mọ̀ mí." Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti ra ilẹ̀, tó fẹ́ kọ́lé pín fún ọmọ ẹgbẹ́, ló fẹ́ wọ̀. Kẹ́ ẹ tó mú báírò, ẹ bi í léèrè: ṣé ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń wá, àbí onídùúró?

Ẹlẹ́rìí ń sọ ohun tó mọ̀ nípa ìwà ẹnìkan, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Onídùúró ń fi ọrùn ara rẹ̀ gba gbèsè ẹlòmíràn: bí ẹni náà ò bá san, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń pa méjèèjì pọ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan, ìlà tó sì máa de èèyàn lè wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì, níbi tí ojú kì í tètè dé. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Nínú lẹ́tà tiyín náà, ẹ sá fún "mo fi ara mi dúró fún un" àti "ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ bi mí." Lẹ́nu, apọ́nlé lásán ni. Bó bá ti wọnú ìwé, tí ẹ sì buwọ́ lù ú, ó ti di ọ̀rọ̀ owó nìyẹn.

Ẹ tún mọ ohun tó ń ba ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tó ń gba èèyàn wọlé lẹ́rù. Ilé alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oṣooṣù ni, fún ọdún pípẹ́. Federal Mortgage Bank of Nigeria, báǹkì ìjọba àpapọ̀ tó ń yáni lówó ilé, ní ẹ̀yáwó tó wà fún irú ẹgbẹ́ báyìí láti fi kọ́lé, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń jẹ gbèsè náà. Bí ẹnìkan bá dáwó dúró, àwọn yòókù ló ń gbé e. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ò ju mẹ́rin lọ: ṣé ó ń san ohun tó bá jẹ lásìkò, ṣé ó lè bá èèyàn gbé, ṣé ó máa ń yọjú sí ìpàdé àti iṣẹ́ àjọṣe, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé ilé náà àbí yóò fi háyà fún ẹlòmíràn. "Ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ọmọlúàbí pátápátá ni" ò dáhùn ìkankan nínú wọn. Ti owó oṣù, ẹ fi sílẹ̀ fún ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé owó oṣù wà fún ìyẹn.

Ibi tí lẹ́tà ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́ nìyí: ẹ má kọ orúkọ ìwà, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fojú rí. Bó bá ṣe yín bí i kẹ́ ẹ kọ "ó ṣeé fọkàn tán," ẹ bi ara yín pé, kí ni mo rí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀? Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan fi dáhùn, ẹ pa á rẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe lè rí:

"Láti ọdún 2018 títí di 2023 ni èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá fi jọ gbé ilé kan ní Gàá Akanbí. Mítà kan ni ìdílé mẹ́fà ń lò. Òun la ní kó máa gba owó iná. Ó máa ń kọ iye tí kálukú san sínú ìwé kan, á sì lẹ rìsíìtì iná tó rà mọ́ ojú ewé náà, ẹnikẹ́ni ló lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bàjẹ́, ìdílé méjì ò rówó san lójú ẹsẹ̀. Ó lọ bá wọn sọ ọ́ nínú yàrá wọn, kò pariwo rẹ̀ lágbàlá. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti san án."

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ méjì ti tó: ọ̀kan lórí owó, ọ̀kan lórí bó ṣe ń bá èèyàn gbé. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ó máa ń jáde kó gọ́tà tàbí pé kì í pa ìpàdé àdúgbò jẹ, ẹ fi kún un. Bó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ nìkan lẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "N ò bá a gbélé rí, n ò sì mọ̀ bó ṣe ń san owó ilé." Ìgbìmọ̀ kì í bínú sí irú gbólóhùn yẹn, òun gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n gba ìyókù gbọ́.

Ọdún àti orúkọ ló ń kó bá lẹ́tà jù. Kẹ́ ẹ kọ 2016, kí fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sọ pé 2019 ló kó dé àdúgbò, ìgbìmọ̀ á rò pé ẹ jọ gbìmọ̀ irọ́ ni. Ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ fi wé e. Orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi "tí a mọ̀ sí Bàbá Rámá ládùúgbò" kún un, torí bí wọ́n bá wá wádìí, orúkọ yẹn nìkan ni àwọn ará ilé máa dá mọ̀.

Àwọn ohun kan ò sì níṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, ìdílé tó ti wá, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀: ìlànà tí International Cooperative Alliance, àjọ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbàáyé, tẹ̀ jáde ní 1995 sọ pé ìlẹ̀kùn ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ láìwo ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí òṣèlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn rẹ̀, wàhálà òun àti ìyàwó rẹ̀, àti nọ́ńbà NIN rẹ̀. Ohun tí kò fún yín láṣẹ láti sọ, ẹ má sọ ọ́. Láti 2023 ni òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni ti wà.

Ta ló yẹ kó kọ ọ́? Kì í ṣe ìbátan. Lẹ́tà onílé náà, ojú méjì ni mo fi ń wò ó: onílé tó fẹ́ kí ayálégbé òun kó jáde kíákíá ló ń kọ lẹ́tà tó dùn jù.

Bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n tó, tàbí tí ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ò dáa, ẹ má kọ lẹ́tà tútù. Ìgbìmọ̀ mọ ìtumọ̀ lẹ́tà tí ò sọ nǹkan kan. Ẹ sọ fún un ní kíákíá, kó lè ráyè wá ẹlòmíràn: "Ẹ má bínú, ẹ wá ẹni tó mọ̀ yín jù mí lọ, kí tèmi má bàa ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́." Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ń bọ̀wọ̀ fún ló rán an sí yín, ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n náà fúnra yín, ẹ má fi ránṣẹ́.

Ìyókù ò le. Ojú ewé kan, ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́, àdírẹ́sì yín, nọ́ńbà fóònù tó ń wọlé, orúkọ yín gbọọrọ lábẹ́ ìbuwọ́lù. Ẹ béèrè bóyá Yorùbá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ fẹ́ tàbí Gẹ̀ẹ́sì, àti bóyá inú àpòòwé tí a lẹ̀ pa ni wọ́n ń gbà á. Bó bá jẹ́ WhatsApp, ẹ sọ ọ́ di PDF; fọ́tò tí wọ́n yà lórí itan máa ń gé ìbuwọ́lù kúrò. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ẹ̀dà yẹn ṣe pàtàkì torí ìpè akọ̀wé. Ó lè tó oṣù méjì kó tó pè, kì í sì í béèrè ohun tó wà nínú lẹ́tà. "Ṣé ẹ lè tún bá a gbé ilé kan náà?" nìbéèrè tó máa ń jáde. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ náà ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ má bù mọ́ ọn. Bí nǹkan bá sì ti yí padà láàárín ìgbà yẹn, ká ní ó kó owó iná gbogbo ilé jẹ, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni náà kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kẹ́ ẹ tó kọ ìlà méjì sí akọ̀wé pé ẹ ti yọwọ́ nínú lẹ́tà ọjọ́ báyìí-báyìí.