Ẹ Má Ka Nọ́ńbà Láìka Orúkọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ kíkọ kóòdù, ẹ̀kọ́ tó gbà mí lákòókò jù ni pé nọ́ńbà ẹ̀dà ò ní ìtumọ̀ àfi tí orúkọ bá wà níwájú rẹ̀. Ti .NET, pèpéle tí Microsoft ṣe fún kíkọ ètò orí kọ̀ǹpútà, ni mo máa fi ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti lọ́jú pọ̀ jù.

Orí Windows nìkan ni .NET Framework, èyí tó kọ́kọ́ wà, ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Microsoft gbé .NET Core jáde ní 2016, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux àti macOS pẹ̀lú, 1.0 ni wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Core 1.0 kéré sí Framework 4.6 ní nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ òun ló dé kẹ́yìn. Nígbà tí Core dé 3.1, wọ́n fo 4 kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún Framework, wọ́n yọ "Core" kúrò lára orúkọ, .NET 5 sì jáde ní oṣù kọkànlá 2020. Torí náà, ẹni tó bá kọ ".NET 4.8", Framework ló ń sọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ ni ASP.NET, apá .NET tí a fi ń kọ ìkànnì ayélujára. Òun ò yọ "Core" tirẹ̀, torí ASP.NET MVC 5, tó jẹ́ ti Framework, ti wà nílẹ̀, àwọn èèyàn ì bá sì ṣì wọ́n mú fún ara wọn. ASP.NET 5 sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe ASP.NET Core 1.0, kí wọ́n tó yí i padà ní oṣù kìíní 2016. Àlàyé tí wọ́n kọ ní 2015 lábẹ́ orúkọ ASP.NET 5 kì í ṣe ti .NET 5 rárá. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ nǹkan kí ẹ tó da kóòdù inú rẹ̀ kọ. Ìpinnu kọ̀ọ̀kan ló nídìí. Àpapọ̀ wọn ló ń ni akẹ́kọ̀ọ́ lára. Tó bá rú yín lójú, kì í ṣe pé ọpọlọ yín ò pé.

.NET Standard ní tirẹ̀, àdéhùn lásán ni lórí ohun tí oríṣi .NET kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi sórí ẹ̀rọ. Láíbúrárì (àkójọ kóòdù tí ètò mìíràn lè lò) tó tẹ̀lé 2.0 rẹ̀ máa bá Framework 4.8 ṣiṣẹ́, èyí tó bá béèrè 2.1 ò lè bá a ṣiṣẹ́ láé.

Angular, irinṣẹ́ Google fún kíkọ ètò orí ìkànnì, náà fo 3, torí router rẹ̀ (apá tó ń gbé èèyàn láti ojú ewé kan sí òmíràn) ti wà ní 3 ṣáájú àwọn yòókù. AngularJS ni ti 1.x, nǹkan mìíràn pátápátá ni.

Tí ẹ bá ń béèrè ìrànlọ́wọ́, ẹ má fi èsì àṣẹ dotnet --version nìkan ránṣẹ́, nọ́ńbà SDK (àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò) ló ń sọ. Ẹ lo dotnet --info, kí ẹ sì kọ orúkọ ohun tí ẹ ń lò ní kíkún.