Torí ṣọ́ọ̀ṣì Bàptíìsì, ibo lèèyàn lè rìn dé? Ìlọrin àti Jámánì

Àwa tá a dàgbà n'Ílọrin, a kì í ka kìlómítà tó bá di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Tanke nilé wa wà, Bàptíìsì sì wà ní Tanke o, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí i, àmọ́ Sùúrùlérè lọ́hùn-ún làwọn òbí mi ń lọ, torí ibẹ̀ ni bàbá mi ti di díákónì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan bá a ṣe ń dàgbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fáwọn bó bá yá (àwọn fúnra wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹ má bú mi). Lọ́nà a máa kọjá ECWA, a máa kọjá UMCA, CAC, Áńgílíkà, Rídíìmù, oníkálukú ti kọ ẹnu sípíkà sójú títì, kí Màrúwá tó já wa sílẹ̀ níwájú tiwa. Kò sẹ́ni tó bi wá rí pé kí ló dé tá a fi ń kọjá gbogbo wọn.

Ìgbà tí mo dé Jámánì ni mo tó gbọ́ ìbéèrè yẹn, ẹnu ìyá mi náà ló sì ti jáde, lórí WhatsApp: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì nítòsí yín ni?" Ó wà, màámi. Agogo ẹ̀ ń ró létí wíńdò mi ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè, tèmi tí mo bá ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́jú gan-an ò lè sùn. Àmọ́ kì í ṣe Bàptíìsì, màá sì kọjá níwájú ẹ̀ lọ wọ tíréènì.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi dé ìlú kékeré kan láàrin Kassel àti Marburg. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ máa bá ni Kátólíìkì àti Evangelische, ìyẹn àwọn tó ti wà látìgbà Luther. Ilé tó rẹwà, òkúta gidi, àmọ́ àgbààgbà mélòó kan ló máa ń wà nínú ẹ̀, ọmọ ọwọ́ sì ni wọ́n ń wọ́n omi sí lórí. Bàptíìsì ò tó nǹkan níbí, tẹ́ ẹ bá sì ń wá a, ẹ lè kọjá lẹ́bàá ẹ̀ láì mọ̀, torí wọn ò kọ Bàptíìsì gàdàgbà sára ògiri bíi tiwa. Evangelisch-Freikirchliche Gemeinde lẹ máa rí, EFG ni wọ́n ń gé e sí. Ìgbà ogun Hitler, lọ́dún 1941, ni wọ́n da ìjọ wọn pọ̀ mọ́ tàwọn Brethren, orúkọ àpapọ̀ yẹn ló sì kù sára wọn, àwọn míì á kàn wá kọ Baptisten kékeré sábẹ́ ẹ̀. N'Ílọrin ńkọ́? Lẹ́tà ńlá, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, àti fọ́tò pásítọ̀ pẹ̀lú ìyàwó wọn lórí bánà.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí fún ẹni tó ń bọ̀ kí n tó gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá dé Jámánì, ẹ máa lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìjọba ìlú tẹ́ ẹ ń gbé, wọ́n á sì bi yín ní ẹ̀sìn yín. Ẹ má kàn kọ evangelisch torí ẹ rò pé onígbàgbọ́ ló túmọ̀ sí o, ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba ń bá gbowó nìyẹn, wọ́n á máa yọ ọ́ lára owó oṣù yín, ìdá 9 nínú 100 owó orí tẹ́ ẹ ń san (ní Bavaria àti Baden-Württemberg, 8 ni). EFG kì í gbowó lọ́nà yẹn, ohun tí ìjọ bá fi tinútinú mú wá ni wọ́n fi ń sanwó pásítọ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń húkọ́, wọ́n ní kí ìjọba Kwara gbìyànjú ẹ̀ wò, kí wọ́n wá wo iye èèyàn tó máa kù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ̀nà gan-an. Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà níbi tí ìyá mi àgbà wà, ó lé ní 50 kìlómítà, ẹ máa kọjá Gánmọ̀, Àmọ́yọ̀, ẹ dé Àjàṣẹ́-Ìpo kẹ́ ẹ tó yà. Láti ọ̀dọ̀ mi dé Kassel, bí ìyẹn náà ló ṣe rí. Ọ̀nà kan náà nígùn, àmọ́ ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń rìn ín. Tí ìkórè bá wà l'Ọ́fà, kò sẹ́ni tó ń béèrè aago tí mọ́tò máa gbéra, torí ẹ ti mọ̀ pé kò láago: bọ́ọ̀sì kan á wà, ti ìjọ tàbí ti ẹnì kan nínú ìjọ, ẹ ó jókòó lé ara yín lẹ́sẹ̀, àwọn ìyá WMU (ẹgbẹ́ obìnrin Bàptíìsì) á ti gbé kúlà àti àkàrà, orin á ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọjá Offa Garage, tí táyà bá sì jò ní Ìdọ̀fìàn, àdúrà ni, ẹni tó mọ vọ́kanáísà á sọ̀kalẹ̀, ẹ ṣì máa débẹ̀ kí wọ́n tó pe àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ Mọ́ńdè jáde wá jó. Èmi ní tèmi, tíréènì mi ní aago rẹ̀ dé orí mínííìtì, inú ẹ̀ mọ́, ó dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa kí ẹ, tó o bá sì pàdánù ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè wàá dúró kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ìgbà míì wọ́n ń tún irin rélùwéè ṣe, wọ́n á wá gbé bọ́ọ̀sì rọ́pò tíréènì, Schienenersatzverkehr ni wọ́n ń pè é, bó o bá ti rí ọ̀rọ̀ gígùn yẹn lórí fóònù ẹ láàárọ̀ Sọ́ńdè, wá íwàásù kan gbọ́ lórí YouTube, torí orin ìparí lo máa bá.

Owó ọkọ̀ kọ́ ni wàhálà mi níbí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù kan wà tó ń gbéni yíká gbogbo Jámánì nínú àwọn tíréènì kékeré, yúrò 49 ló jẹ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2023, ó di 58 ní 2025, mo sì kúkú nílò ẹ̀ fún iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì á wá di èènì. Ilé ni ìṣírò ti yí padà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, màámi ní owó Màrúwá dé Sùúrùlérè ti di ọrẹ àkọ́kọ́, pé ọrẹ kejì ló kù tí àwọn ń gbé dé iwájú pẹpẹ. Àwọn kan nínú ìjọ ti rọra gbé lẹ́tà wọn (ìwé tí ìjọ fi ń fa ọmọ ìjọ lé ìjọ míì lọ́wọ́) lọ sí Bàptíìsì tó sún mọ́lé. Bàbá mi ò gbà. Wọ́n ní àwọn ò ní torí epo pààrọ̀ ìjọ.

Ìjọ tí ẹ̀kọ́ wa bá mu wá ńkọ́? N'Ílọrin mi ò ronú kan ìyẹn rí, torí gbogbo Bàptíìsì tí mo mọ̀, abẹ́ Nigerian Baptist Convention kan náà ni wọ́n wà, ẹgbẹ́ ọmọkùnrin (RA) àti ti ọmọbìnrin (GA) kan náà, ìwé Sunday school kan náà, o lè sùn ní Tanke kó o jí l'Ọ́fà, ibi tí wọ́n bá ẹ̀kọ́ dé lo máa bá wọn. Kódà ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣe tíṣà n'Ígbàjà, ECWA ni wọ́n ń lọ ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà níbẹ̀, torí ìlú ECWA ni Ìgbàjà, seminary wọn ńlá wà níbẹ̀, àwọn náà sì ń ri onígbàgbọ́ bọ omi pátápátá. Ẹnì kan ò sọ pé wọ́n yà bàrá.

Níbí, mo ní láti ṣàṣàyàn. Kassel ni EFG tó sún mọ́ mi jù, Jámánì ni wọ́n ń sọ, pásítọ̀ ní kí n máa pe òun lórúkọ àbísọ, ahọ́n mi ò gbà, "Pásítọ̀" ni mò ń pè wọ́n, wọ́n sì ti fi mí sílẹ̀. Bàptíìsì tó ń sọ Òyìnbó wà lápá Frankfurt, wọ́n wà lábẹ́ International Baptist Convention, ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yẹn ò ṣẹ̀yìn àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà ní Jámánì lẹ́yìn ogun, íwàásù tó máa yé mi dé egungun nìyẹn, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ gùn ju ti Kassel lọ dáadáa. Bàptíìsì míì wà tí mo lè gun kẹ̀kẹ́ dé, àwọn Jámánì tí wọ́n bí sí Rọ́ṣíà àti Kazakhstan, tí wọ́n padà wálé nígbà tí Soviet ń tú ká. Èyí tí mo dé, àwọn obìnrin ń wé gèlè kékeré, ìlù ò wọbẹ̀, íwàásù mẹ́ta ni wọ́n ṣe lẹ́yìn ara wọn. Ìyá mi máa fẹ́ràn wọn gan-an. Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà náà wà ní Kassel, ìrẹsì àti Yorùbá wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, tí ilé bá ń pe èèyàn ibẹ̀ ló ń lọ, mi ò ní purọ́.

Ohun tí mo rò nìyí. Nǹkan mẹ́ta ni mo lè wọ tíréènì torí ẹ̀: kí wọ́n máa ri ẹni tó gbà gbọ́ bọ omi, kì í ṣe ọmọ ọwọ́, kí Bíbélì jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń yanjú àríyànjiyàn, kó jẹ́ pé ìjọ ló ń dìbò fọ́rọ̀ ara ẹ̀ nínú ìpàdé ìjọ, kì í ṣe ẹnì kan tó jókòó síbì kan tó ń pàṣẹ. Kassel ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlù, gèlè, bóyá pásítọ̀ wọ kóòtù tàbí jíìnsì, bóyá ìsìn pẹ́ tàbí kò pẹ́, ìyẹn ò tó ohun téèyàn ń torí ẹ̀ jí lálẹ́. Èdè ló wúwo díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ tán ò lè bá mi wí, àmọ́ èdè á yé mi lọ́jọ́ kan, Frankfurt ò sì ní sún mọ́ mi láéláé.

Bàbá mi ní àwọn baba wa ò wá ìjọ kiri báyìí. Bowen, míṣọ́nnárì tó gbé Bàptíìsì wọ ilẹ̀ Yorùbá, ó dé Ìlọrin lọ́dún 1855, ó fẹ́ jókòó síbẹ̀, Ẹ́míà ò gbà á láyè, ló bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ibẹ̀ di ìlú Bàptíìsì tó ní seminary láti 1898. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ló wá gbé e kiri, wọ́n gbé e dé òkè Ọya, wọ́n gbé e dé Gánà, ibi tí wọ́n bá pàtẹ sí ni wọ́n ń dá ìjọ sílẹ̀ sí, títí Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fi lé àwọn àlejò kúrò níbẹ̀ ní 1969. Pásítọ̀ Kassel náà sọ ti Oncken fún mi: èèyàn méje ni wọ́n, òun wà lára wọn, tí wọ́n ṣèrìbọmi fún lóru nínú odò Elbe ní Hamburg lọ́dún 1834, ibẹ̀ ni Bàptíìsì Jámánì ti bẹ̀rẹ̀. Ó dáa, kí èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ mi? Pálọ̀ tí lándílọọ̀dù ti sọ pé mi ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fọṣọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè torí ariwo, ẹ ní kí n gbé àgídìgbo síbẹ̀? Èmi àti kòlíìgì mi ọmọ Kamẹrúùnù nìkan la máa jókòó, orúkọ Jésù á wà láàrin wa lóòótọ́, àmọ́ ta ló máa bá wa wí, ta la máa jíhìn owó fún?

Ohun tó wá yí èrò mi padà ni àìsàn. Lọ́dún tí bàbá mi dùbúlẹ̀ sí ọsibítù UITH (teaching hospital Unilorin) tó wà ní Òkè-Ose, ẹ mọ bí Òkè-Ose ṣe jìnnà sí Sùúrùlérè, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dé, WMU ń gbé ọbẹ̀ wá, àwọn ọkùnrin MMU ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn lóru, títí nọ́ọ̀sì fi ń lé wọn. Èmi tí ọ̀fìnkìn gbé ṣánlẹ̀ níbí ní Janúárì, àwọn ará Kassel pè mí, wọ́n gbàdúrà lórí fóònù, wọ́n ní àwọn máa gbìyànjú ọjọ́ Sátidé. Ṣé mo lè bú wọn? Èmi ni mo lọ gbé síbi tí wọn ò lè dé. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ kànlẹ̀kùn mi ni ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ọmọ ìjọ tí agogo ẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn.

Látìgbà náà, wákàtí kan nínú tíréènì ni mo fi ṣe òpin. Èyí tó bá kọjá ìyẹn, ìbẹ̀wò ni, kì í ṣe ìjọ mi. Frankfurt di ìgbà Àjíǹde àti ìgbà tí Òyìnbó bá ń wù mí gbọ́. Alẹ́ Wẹ́sìdè mo máa ń bá ìyá àgbà lọ síbi àdúrà wọn, wọ́n mọ̀ pé Bàptíìsì ni mí, wọn ò yọ mí lẹ́nu, èmi náà ò bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ omi. Mo sì ti ní kí Sùúrùlérè fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ sí Kassel, kí wọ́n fà mí lé wọn lọ́wọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n máa dìbò lé mi lórí nínú ìpàdé ìjọ tó ń bọ̀. Bàbá mi lọ́ra kí wọ́n tó bá mi sọ ọ́ fún akọ̀wé ìjọ. Màámi ò lọ́ra ní tiwọn, wọ́n kàn béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní mọ́tò nínú ìjọ yẹn tó ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá.

Kò tíì sí o. Ẹ bá mi wò ó, bí ọmọ Yorùbá kan bá wà ní Treysa tàbí Wabern tàbí Borken ibẹ̀ yẹn tó ní ọkọ̀, tó sì ń lọ sí Kassel lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kì báà jẹ́ Rídíìmù ló ń lọ, màá dá epo, kó já mi sílẹ̀ kó máa lọ.