Ẹ̀wà tí kòkòrò ò jẹ

Nígbà tí mo ṣì wà n'Íbàdàn, màmá mi kì í ra ẹ̀wà láì kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú àpò. Wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò tú u wò. Kòkòrò ni wọ́n ń wá. Tí wọ́n bá rí i pé kòkòrò ti lu díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á ra kóńgò mẹ́ta. Tí ẹ̀wà bá ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, tó sì ti pẹ́ nínú ìsọ̀, wọ́n á rọra dà á padà. "Ẹ̀wà tí kòkòrò ò lè jẹ, ṣé èmi ni n ó wá jẹ ẹ́?" Ohun tí wọ́n máa ń wí fún Ìyá Ẹlẹ́wà ní Bódìjà nìyẹn. Ìyá Ẹlẹ́wà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fa àpò mìíràn jáde.

Tá a bá délé, ẹ̀wà ọ̀hún á bọ́ sórí atẹ nínú oòrùn. Kòkòrò wẹ́wẹ́ á máa rìn jáde lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á gba etí atẹ lọ. Àwa ọmọ á jókòó ti atẹ, à á máa ṣa òkúta àti èyí tó ti di ìyẹ̀fun kúrò. Iṣẹ́ tí mo kórìíra jù nílé nìyẹn, òun náà ni mo sì máa ń rántí jù báyìí.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀wà tí mo kọ́kọ́ rà níbí, inú ọ̀rá ló wà, Peru ni wọ́n kọ pé ó ti wá. Kò sí ihò lára ẹyọ kan. Mo gbé e lọ́wọ́, mo ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ọkàn mi ò balẹ̀, torí irú ẹ̀wà tí wọ́n kọ́ mi pé kí n sá fún gan-an nìyẹn. Mo wò yíká, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ bi. Ọmọkùnrin tó ń gba owó ò mọ ẹni tó gbin ẹ̀wà, kò sì mọ ẹni tó kó o pamọ́. Ohun tó wà ò ju ọ̀rọ̀ wínníwínní ẹ̀yìn ọ̀rá lọ: orílẹ̀-èdè tó ti wá, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá, àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ tó kó o wọlé. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ọ̀rọ̀ wínníwínní yẹn ló rọ́pò ojú Ìyá Ẹlẹ́wà. N'Íbàdàn, ojú ẹni tó ń tajà lèèyàn ń kà. Níbí, ẹ̀yìn ọ̀rá ni.

Ẹ má rò pé ìbẹ̀rù lásán ló ń bá màmá mi jà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú EU (àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù), EU fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà bọ̀. Dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fín sí ẹ̀wà níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, kí kòkòrò má baà lù ú. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà ò ju mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú àwọn kan tó mílígíráàmù 4.6. Ìyẹn ju ìlọ́po irinwó lọ. Ní 2019, NAFDAC náà fòfin de títa ìgò kékeré oògùn yìí láàárín ọjà, èyí tí kò ju mílílítà 100 lọ. Mi ò sọ pé kòkòrò jẹ́ ẹ̀rí tó dájú, torí èèyàn lè fín oògùn sí ẹ̀wà tó ti lu tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò màmá mi ti ń sá fún nǹkan yìí kí ilé àyẹ̀wò tó dá sí i. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa nílé, àtàǹpàkò yẹn nìkan náà ni wọ́n ní. Ẹ̀wà tí wọn ò jẹ́ kó wọ Yúróòpù, ta ló jẹ ẹ́?

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sọ èmi fúnra mi di ẹni tó ń ronú nípa oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò fún mi níwèé pẹlẹbẹ kan: kí n dín iyọ̀ àti ẹran kù, kí n máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, bí mo sì ṣe ń kà á, ilé Màmá Àgbà ní Ọ̀jẹ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Láàárọ̀, ògì àti àkàrà, tàbí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé. Lọ́sàn-án, èkuru, tàbí àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Lálẹ́, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀. Ẹran tó bá bọ́ sínú abọ́ mi ò tó oríkèé ìka kan. Kò sẹ́ni tó fún irú jíjẹ bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ náà, vegan, ìyẹn ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó wá lára ẹranko, sílẹ̀ lọ́dún 1944, láti 2014 sì ni ìpolongo Veganuary ti ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi oṣù kìíní dán an wò.

Ibi tí ilé àti ibí ti yàtọ̀ jù ni ohun tí abọ́ tí kò lẹ́ran ń sọ nípa ẹni tó ń jẹ ẹ́. Nítòsí ibi iṣẹ́ mi, ẹni tó bá ra oúnjẹ ẹlẹ́wà, tí kò fẹ́ ẹran, ẹni tó mọ ìtọ́jú ara rẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo bẹ àǹtí mi pé kí wọ́n má fi ẹran sí ẹ̀fọ́ mi. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n fà mí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. "Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni?" Mo ṣàlàyé títí. Nígbà tí abọ́ dé, ẹran mẹ́ta ló wà lábẹ́ ẹ̀fọ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n gbé tì í ló dùn mí, torí inú ọ̀rá ni wọ́n ti sè é, bẹ́ẹ̀ ewé ò tíì tán lọ́jà.

Ní Rye Lane, òpópónà ọjà kan ní Peckham níbí, mo máa ń rí tẹ̀tẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn ará Jàmáíkà. Callaloo ni wọ́n ń pè é. Fítámì B12 ò sí nínú ohun ọ̀gbìn, nítorí náà mò ń lo oògùn rẹ̀ oníhóró. Fítámì D, oòrùn Ìbàdàn ló ń fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Níbí, àwọn NHS, ètò ìlera ìjọba, ní kí gbogbo èèyàn ronú nípa lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù, kí àwa aláwọ̀ dúdú sì ronú nípa lílò ó yípo ọdún.

Ti ìpara ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọṣẹ dúdú Màmá Àgbà, eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n fi sè é. Òrí wọn ń ti Òkè-Ògùn wá. Lónìí, ọṣẹ tí àbúrò mi ń lò n'Íbàdàn ṣì ń jẹ́ ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n pò. Ojú rẹ̀ ti pupa, oríkèé ìka rẹ̀ dúdú kirikiri. Òfin ibí ò gba hydroquinone tàbí mẹ́kúrì, àwọn èròjà tí wọ́n fi ń bóra, nínú ìpara tí wọ́n ń tà lórí àtẹ, ó sì di dandan kí orúkọ gbogbo èròjà wà lára ike. Síbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé mi, òrí ni mo béèrè, obìnrin tó ń tajà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ike kan jáde lábẹ́ káńtà. "Ẹ̀gbọ́n, èyí dáa jù fún yín." Kò sí lẹ́tà kan lára rẹ̀. Mo jáde. Látìgbà náà ni mo ti há àwọn orúkọ kan sórí: hydroquinone, calomel àti mercurous chloride (orúkọ mẹ́kúrì ni méjèèjì), clobetasol propionate.

Mo ti fi ìpara tó ń na irun sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹwàá ọdún 2022, lórí obìnrin tó lé ní 33,000: jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń lo ìpara bẹ́ẹ̀ ju ìgbà mẹ́rin lọ lọ́dún. Irun òwú ni mò ń kó lọ síbi iṣẹ́ báyìí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, màmá mi pè mí lórí fídíò. Aládùúgbò kan ló fún wọn ní ìpara, wọ́n ní kí n bá wọn wò ó. Wọ́n gbé ike náà sún mọ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi di funfun.

"Ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀, Mà."

Wọ́n sún un. Mo ka omi, mo ka glycerin. Ọ̀rọ̀ kẹta, àtàǹpàkò wọn ló bò ó.

"Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, Mà. Ẹ má tíì ṣí i."