Wákàtí ni kí ẹ fi pín omi odò
Ìparí kòtò tó ń gbé omi odò wá sí oko ni ìjà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ sún mọ́ odò á ti gba tirẹ̀ tán kó tó kan ará ìsàlẹ̀. Ẹ má fi ojú díwọ̀n omi. Wákàtí ni kí ẹ fi pín in, bí ilẹ̀ oníkálukú bá ṣe tóbi tó.

Kòtò tó ń gbé lítà 10 wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò gbé lítà 36,000 wá ní wákàtí kan. Bí irè oko bá ń lo omi tó ga tó mìlímítà 5 lórí gbogbo ilẹ̀ oko lójúmọ́, hẹ́kítà kan nílò lítà 50,000, ìyẹn bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 23. Tó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni omi ń kàn án, ó di bíi wákàtí 7.

Àmọ́ omi tí ilẹ̀ kòtò ń fà mu kò sí nínú ìṣirò yẹn, òun ló sì ń pa ará ìsàlẹ̀ lára jù. Nítorí náà, wákàtí rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí omi bá dé ẹnu oko rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí òfin tó ṣe kókó tó èyí. Ẹ kó ẹrẹ̀ inú kòtò kí ọ̀gbìn tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dí gbogbo ihò akàn.