Bí Fóònù Bá Ń Gbóná Lórí Géèmù

Bí géèmù bá ń há, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé fóònù ti gbó, tàbí pé ràm, ìyẹn ibi tí fóònù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ò tó. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ ná. Bó bá gbóná débi pé ọwọ́ ò fẹ́ gbà á, ooru ni kí ẹ bá wí. Tí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n kan, fóònù fúnra rẹ̀ á dín eré ṣíìpù inú rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ fóònù, kù kó má baà bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí géèmù ìbọn PUBG Mobile fi ń já geere níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń fà nígbà tí òbìrípo tí èèyàn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ti kéré, tí ọ̀tá ti kù díẹ̀, ìgbà tí èèyàn nílò rẹ̀ jù gan-an.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn máa gbá géèmù kí fóònù sì wà lẹ́nu iná. Ṣíìpù ń mú ooru wá, bátìrì tó ń gba iná ń mú tiẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fóònù ò ní fáànù nínú. Bí bátìrì bá ti sún mọ́ 45°C, ọ̀pọ̀ fóònù á dín iná tó ń wọlé kù tàbí kó dá a dúró pátápátá. Ẹ óò rí i pé ṣájà wà lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ 40% tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Ooru pẹ̀lú bátìrì tó kún dé 100% ló sì ń mú kí bátìrì lithium-ion, irú èyí tó wà nínú fóònù, tètè gbó.

Mo mọ̀ pé iná ọba kì í dúró, tó bá sì dé, ojú ń kán èèyàn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba iná dé nǹkan bí 80% ná, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ tó gbá géèmù. Àfi tí fóònù yín bá ní bypass charging, bíi Infinix Note 30 tó jáde lọ́dún 2023: iná ṣájà á máa bọ́ fóònù láìgba inú bátìrì. Àwọn fóònù Galaxy kan ti Samsung náà ní in nínú Game Booster, ìyẹn ètò inú fóònù náà fún géèmù; Pause USB Power Delivery ni Samsung pè é. Ṣájà USB PD (USB Power Delivery) ló ń bá a ṣiṣẹ́, bátìrì sì gbọ́dọ̀ lé ní 20%.

Nínú PUBG Mobile, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Graphics, ẹ mú Smooth, tó máa ń dín iṣẹ́ àwòrán kù fún fóònù. Ẹ wá gbé Frame Rate kúrò ní Extreme, tó jẹ́ àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wá sí Ultra tó jẹ́ 40. Lójú tèmi, 40 tó dúró sójú kan sàn fíìfíì ju 60 tó ń já wálẹ̀ sí 25 láàárín ìjà.

Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù, ẹ bọ́ kéèsì rẹ̀, ẹ má gbé e lé orí tìmùtìmù, ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sínú fíríìjì: tí ẹ bá mú un jáde sínú ooru, omi á sẹ̀ sínú rẹ̀, omi yẹn ló ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́.

Bí ẹ̀yìn fóònù bá ń wú, tàbí tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára férémù, afẹ́fẹ́ ló ti kún bátìrì. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi sẹ́nu iná mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì gún un, torí ó lè gbaná. Ẹni tó mọ iṣẹ́ fóònù ni kó yọ ọ́.