Omidùn nìkan ńkọ́?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ àyẹ̀wò egbòogi, ìyá kan tó ń ta àgbo ní Kétu ló fún mi ní gbòǹgbò orín àtà, tó sì ṣàlàyé pé inú omidùn ni òun máa ń rẹ ẹ́ sí. Mo ṣe bí wọ́n ti wí. Mo bu omi rẹ̀ sínú ihò tí mo dá lu sójú ágà (oúnjẹ bakitéríà tó dì bí ẹ̀kọ nínú àwo) tí mo ti tẹ́ bakitéríà Staphylococcus aureus lé, mo sì fi àwo náà sínú ooru 37°C di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo yọ ọ́, òbírí kan tó mọ́ gaara ti yí ihò náà ká, bakitéríà kankan kò hù níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbòǹgbò náà ló ṣe é.

Ọ̀gá mi wo àwo náà, wọ́n ní: "Omidùn nìkan ńkọ́?" N kò ní èsì.

Omidùn tó kan ní ásíìdì láktíìkì tí àwọn bakitéríà inú ògì fúnra wọn ń ṣe, ásíìdì yìí sì lè dá ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn dúró láìsí gbòǹgbò kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tún iṣẹ́ náà ṣe, mo fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.22 máíkrómítà sẹ́ ẹ kí bakitéríà tirẹ̀ má baà hù sójú àwo, mo sì bu omidùn lásán sínú ihò kejì, gentamicin, oògùn tí a mọ̀ pé ó ń pa bakitéríà, sínú ìkẹta. Òbírí omidùn lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti onígbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle, lè ṣe fún yín bí ẹ bá rẹ egbòogi sínú rẹ̀. Ìyá náà kò parọ́, nítorí omidùn wà lára oògùn wọn. Èmi ni mo gbé iṣẹ́ gbogbo rẹ̀ lé gbòǹgbò nìkan lórí.

Ẹ má sì fi ìbú òbírí díwọ̀n agbára ewé méjì. Èròjà tó tóbi kì í rìn jìnnà nínú ágà, bí ágà bá sì nípọn ju mílímítà 4 lọ, òbírí á tún kéré sí i. Ẹ kúkú máa la omi egbòogi náà ní ìdajì-ìdajì nínú omi oúnjẹ bakitéríà, 1000, 500, 250 máíkrógíráàmù nínú mílílítà kan, títí ẹ ó fi rí ìwọ̀n tó kéré jù tí bakitéríà kò ti lè hù.

Mo padà sí Kétu lọ jábọ̀ fún ìyá náà. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wá bi mí pé omidùn ọjọ́ mélòó ni mo lò. N kò kọ ìyẹn náà sílẹ̀.