Ìdí tí a fi kó ilé-iṣẹ́ wa kúrò ní Yaba lọ sí Ìbàdàn

Láti ìgbà tí a ti kó kúrò ní Èkó ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: ta ló ń kó ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà kúrò ní Yaba lọ sí Ìbàdàn? Mo ti dá wọn lóhùn lórí fóònù, mo ti dá wọn lóhùn lóde ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí n wá fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ níbí.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti júwe. Àwọn ìyá olóúnjẹ l'Ékòó, àwọn tó ń ta àmàlà ní Mushin, ní Ṣómólú, ní Bàrígà, ń wá ẹ̀lùbọ́ tó dára, ní iye tí wọ́n á fi rí èrè. Òkè-Ògùn ni ẹ̀lùbọ́ tó dára ti ń wá, láti Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì. Kó tó dé ọwọ́ olóúnjẹ, ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń bu owó tirẹ̀ lé e. Áàpù wa ni olóúnjẹ fi ń ra àpò ẹ̀lùbọ́ tààrà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Àwa la ó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Yaba ṣe wá lóore, n kò ní sẹ́ ẹ. Láti 2011 tí Co-Creation Hub, ilé tí àwọn tó ń dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ni àdúgbò yẹn ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń ti ń rí ara wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ alábàáṣiṣẹ́ mi. Ibẹ̀ náà ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi owó sí iṣẹ́ wa ti gbọ́ nípa wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó náà dé, tí a ní láti pinnu ohun tí a ó fi ṣe, mo wo àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ẹ̀lùbọ́.

Iye owó gbodo ló là mí lójú. Gbodo ni iṣu tí wọ́n bẹ, tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n wá sá títí tó fi gbẹ koko. Òun ni wọ́n ń lọ̀ di ẹ̀lùbọ́. Lójú kọ̀ǹpútà wa ní Yaba, owó rẹ̀ á lọ sókè, á já wálẹ̀, a kò sì rí ìdí kan tọ́ka sí. A tò ó ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, a fi Mọ́ńdè wé Mọ́ńdè, kò bára mu. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò fún wa ní bóyá owó ọkọ̀ ni, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ kì í dúró sójú kan mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.

Ìyá kan tó ń ta gbodo ní Bódìjà ló là á yé mi, ó ń ṣa gbodo lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ọjà oko mọ Mọ́ńdè? Ọrọọrún ni wọ́n ń ná an." Bí wọ́n bá ná ọjà kan lónìí, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n á tún ná an, bí a bá ka òní mọ́ ọn. Oko kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti ná ọjà tán ni àwọn alájàpá á kó ẹrù wọ Ìbàdàn, gbodo á pọ̀, owó rẹ̀ á já. Bó bá wá ku ọ̀la kí wọ́n tún ná an, ẹrù ti tán nílẹ̀, owó á gbẹ́nu sókè. Kàlẹ́ńdà ọlọ́jọ́ méje la fi ń wo ohun tí ọjọ́ ọjà ń darí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe alábàáṣiṣẹ́ mi pé ká máa palẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fọwọ́ sí i. Ẹnì kan tó ti fẹ́ fi owó sí iṣẹ́ wa ní òun kò lè máa tẹ̀ lé wa lọ Ìbàdàn, ó sì fà sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà wa ní ọmọ níléèwé l'Ékòó, ó dúró, ó ń ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀, a kò sì já a jù sílẹ̀. Màmá mi ní Mushin gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ kí àwọn ẹbí bàbá mi ní Bẹẹrẹ kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn yẹn níye lórí ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo gbọ́ nínú ìpàdé lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló mú mi lọ sọ́dọ̀ olórí àwọn ẹlẹ́lùbọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni, "Ọmọ ta ni ọ́?" Nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ agboolé wa, wọ́n fi àga lọ̀ mí.

Ti ilé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Onílé tí a fẹ́ gba ọ́fíìsì rẹ̀ ní Yaba ń béèrè ọdún méjì. Owó yàrá méjì níbẹ̀ gba odindi ilé fún wa ní Agbowó, pẹ̀lú àyè tí à ń kó àpò sí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti sọ ni ohun tí à ń kọ́ lọ́jà. Gbodo tó gbẹ dáadáa, bí o bá ṣẹ́ ẹ, á dún pàù. Èyí tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ kì í dún bẹ́ẹ̀, bó bá sì pẹ́ nínú àpò, á bu. Àwọn kan ń po láfún mọ́ ẹ̀lùbọ́ iṣu kó lè pọ̀. Àmàlà rẹ̀ á funfun ju bó ṣe yẹ lọ, oníbàárà ìyá olóúnjẹ á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí fọ́tò tó lè fi èyí hàn. Nítorí náà, gbodo là ń rà báyìí, àwọn èèyàn wa á ṣẹ́ ẹ wò, a ó sì dúró ti ẹ̀rọ títí wọ́n fi máa lọ̀ ọ́ tán.

Áàpù náà ti yí padà. Fọ́ọ̀mù tí à ń ní kí àwọn ìyá wa lọ́jà kọ ọ̀rọ̀ sí ti lọ. Wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwa la ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwìn náà wà nínú rẹ̀, nítorí àwìn ni ọ̀pọ̀ òwò yìí. A kì í kọ déètì sí gbèsè mọ́. "Ọjà tó ń bọ̀" là ń kọ, áàpù á sì ka ọjọ́ ọjà oko yẹn fúnra rẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ lọ wo àwọn olóúnjẹ l'Ékòó, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, láti Mọníyà dé Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Mo máa ń bá wọn jẹ àmàlà kí n tó béèrè ohunkóhun.

Ọyẹ́ ń bọ̀, ìgbà yẹn ni gbodo máa ń gbẹ jù. Kó tó dé, a fẹ́ ní ẹnì kan tí yóò máa gbé ní Ṣakí fún wa, ẹni tó mọ ọjọ́ ọjà Òkè-Ògùn lórí, tó lè lo fóònù, tí àwọn alájàpá sì fọkàn tán. Bí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó wá bá wa ní Agbowó. Kó wá láàárọ̀ o, torí tí aago méjì bá ti lù, Bódìjà la máa ń wà.